Swíìṣì méjì, iná kan: ìdí tí iná àtẹ̀gùn yín ò fi tàn mọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa á lókè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Kí àwọn tó kù lè mọ ohun tá à ń sọ, ìbéèrè yín lọ báyìí: ẹ ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé ní Òkè-Àdó, màmá yín ń sùn lókè, ẹ wá ní kí oníṣẹ́ iná bá yín fi swíìṣì kejì sí òkè àtẹ̀gùn kí màmá má baà máa fọwọ́ wá ògiri nínú òkùnkùn, ẹ ra swíìṣì méjì fún un, ó ṣe é, ó gbowó, ó lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣe é, tẹ́ ẹ bá ti pa iná yẹn lókè, swíìṣì ìsàlẹ̀ ò lè tan án mọ́ àfi kí ẹnì kan gòkè lọ tẹ tòkè padà ná, tẹ́ ẹ bá sì pa á nísàlẹ̀ bákan náà ni, tòkè ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ pè é padà, ó ní swíìṣì yẹn ni ò dáa, kẹ́ ẹ lọ ra méjì mìíràn tó wọ́n jù ú lọ. Ẹ tún ní gílóòbù LED ibẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ fírífírí lóru nígbà tó yẹ kó ti kú, ẹ wá fi béèrè bóyá swíìṣì kẹta lè wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì fún iná kan náà.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Swíìṣì tuntun méjì kì í sábà bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà kí wọ́n sì bàjẹ́ lọ́nà kan náà, ohun tẹ́ ẹ sì ṣàlàyé yẹn, iná tó jẹ́ pé àfi tí swíìṣì méjèèjì bá dojú kọ ibi kan pàtó ló tó máa tàn, bí wọ́n ṣe so wáyà ló ń fà á ju bí swíìṣì ṣe rí lọ. Tẹ́ ẹ bá ra èyí tó wọ́n jù láyé tí wọ́n tún so ó bí wọ́n ṣe so ti àkọ́kọ́, ohun kan náà lẹ máa tún rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí tó bá yé yín, ẹni kẹ́ni ò ní lè fi ìyẹn gbowó lọ́wọ́ yín mọ́. Swíìṣì lásán tá à ń pè ní one-way, ojú sukúrù méjì ló ní lẹ́yìn, iná wọlé lójú kan ó jáde lójú kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ ó so, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ó já. Two-way, ojú mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni COM, méjì tó kù ni L1 àti L2. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, títí kan àwọn kan tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ni pé two-way ò ní ibi tó ti máa ń tàn tàbí ibi tó ti máa ń kú, gbogbo ìgbà ni COM rẹ̀ máa ń fara kan ọ̀kan nínú méjì yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó kúrò lára L1 ó bọ́ sára L2, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ó padà síbi tó wà. L1 àti L2 fúnra wọn kì í fara kanra láéláé.

Ká sọ pé ọ̀nà méjì ló wà láàárín oríta kan àti oríta kejì, ọlọ́pàá kan dúró sí oríta kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó lè ṣí ju ọ̀nà kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àwọn méjèèjì bá ṣí ọ̀nà kan náà, mọ́tò á kọjá. Tí ọ̀kan bá ṣí ti ọwọ́ ọ̀tún tí èkejì ṣí ti òsì, mọ́tò ò lọ. Torí náà, èyíkéyìí nínú wọn tó bá yí ọwọ́ padà, ńṣe ló máa yí bí nǹkan ṣe rí padà, bí mọ́tò ń lọ tẹ́lẹ̀ ó máa dúró, bó dúró tẹ́lẹ̀ ó máa lọ. Bí two-way ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ibi tí ọlọ́pàá dúró sí ni COM, ọ̀nà méjì tó wà láàárín ni wáyà méjì tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní strapping, ọ̀kan lọ láti L1 ìsàlẹ̀ sí L1 òkè, èkejì láti L2 sí L2. Feed, ìyẹn wáyà tó gbé iná wá látinú breaker, á wọ COM ìsàlẹ̀. Return, ìyẹn èyí tó ń gbé iná lọ sídìí gílóòbù, á jáde látinú COM òkè. Neutral, ìyẹn wáyà kejì tí gílóòbù nílò kó tó lè tàn, ò ní iṣẹ́ kankan nídìí swíìṣì, tààrà ló ń lọ sí họ́dà gílóòbù.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ojú swíìṣì ò lè sọ fún yín mọ́ bóyá iná tàn tàbí ó kú, nígbà míì iná á tàn tí bọ́tìnì dojú kọ òkè, nígbà míì á tàn tó dojú kọ ilẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àléébù o, bó ṣe yẹ kó rí ni. Mo ń sọ ọ́ torí àwọn kan máa ń pe oníṣẹ́ padà nítorí ẹ̀.

Wàyí o, ti yín. Ohun mẹ́ta ló lè mú kí iná àtẹ̀gùn ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, àkọ́kọ́ ni mo sì fura sí jù.

Ó jọ pé níbì kan nínú swíìṣì méjèèjì, strapping kan ló wà lójú COM, feed tàbí return wá lọ jókòó sí L1 tàbí L2. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, nínú ipò mẹ́rin tí swíìṣì méjì lè wà, ẹyọ kan ṣoṣo ni iná máa tàn, mẹ́ta tó kù òkùnkùn ni. Èyíkéyìí nínú swíìṣì méjèèjì máa lè pa á, àmọ́ tí ọ̀kan bá ti pa á, èkejì ò lè tan án. Ṣé ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ohun tó sì ń fa àṣìṣe yìí ni pé ibi tí wọ́n ń fi COM sí lẹ́yìn swíìṣì kì í ṣe ojú kan náà, ilé iṣẹ́ kan á fi í sí apá kan ní òun nìkan, òmíràn á fi í sí àárín, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀ á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, àwọn kan ò tiẹ̀ kọ COM rárá, L ni wọ́n kọ, wọ́n wá kọ 1 àti 2 sára méjì tó kù. Oníṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa so irú kan, tó bá bá òmíràn pàdé tí kò wo ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tí COM máa ń wà lára ti tẹ́lẹ̀ ló máa fọwọ́ lọ.

Èkejì, ó lè jẹ́ pé one-way ni ọ̀kan nínú wọn. Lójú ògiri kò sí ìyàtọ̀, bọ́tìnì kan náà, páálí ẹ̀ náà lè jọra, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá yí i padà tẹ́ ẹ ka ojú sukúrù. Ìsàlẹ̀ yín, one-way ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá kí wọ́n tó fi tòkè kún un, ẹ sì sọ pé méjì lẹ rà, àmọ́ ẹ ò sọ bóyá wọ́n pààrọ̀ tìsàlẹ̀ lóòótọ́, torí náà ẹ wò ó.

Ẹ̀kẹta ni pé strapping kan ti já tàbí sukúrù ẹ̀ ò di dáadáa. Òun náà máa ń fa irú wàhálà yìí gẹ́lẹ́, àmọ́ inú ilé tí iná ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ kó tó bàjẹ́ ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń ṣe báyìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọkàn sí i púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sukúrù kan, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa pípa iná, torí ibí ni mo ti ń bẹ̀rù fún àwọn èèyàn jù. Nílẹ̀ Ìbàdàn níbí tí NEPA bá ti mú iná lọ, àwọn èèyàn á ní ó yá, ẹ jẹ́ ká tètè tún un ṣe kí wọ́n tó mú un dé. Ká má rí i. Wọn ò ní fi ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n tó mú un dé, 230 volt sì ni ohun tó ń bọ̀ yẹn. Tí inverter bá wà nílé, wáyà yẹn lè ní iná lára lọ́wọ́lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò dúdú, báttìrì ló ń gbé e. Aládùúgbò yín sì lè tan jẹnẹrétọ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ jọ pín in. Nítorí náà ẹ gbé changeover sí àárín, ẹ pa inverter látorí ojú ẹ̀, ẹ pa breaker iná náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí oníṣẹ́ wá fi mítà yẹ ojú wáyà kọ̀ọ̀kan wò, kó kọ́kọ́ dán mítà ọ̀hún wò níbi tó mọ̀ pé iná wà. Tésítà tó ní gílóòbù kékeré nínú, mi ò gbára lé e láti fi sọ pé wáyà ti kú, bí tésítà ò bá tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé iná ò sí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti kú tán, kó tú swíìṣì méjèèjì sílẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn kó tó tú wáyà kankan, ó máa wúlò. Tí lẹ́tà COM ò bá ṣeé kà, mítà á sọ ọ́: kó yọ wáyà kúrò lára swíìṣì, kó gbé mítà sí ibi tó ti máa ń dún, kó fi ẹnu méjèèjì kan ojú sukúrù méjì méjì, kó sì máa tẹ bọ́tìnì. Ojú méjì tí kò dún rárá, bó ti wù kó tẹ bọ́tìnì tó, L1 àti L2 nìyẹn. Ojú kẹta tó ń bá ọ̀kan dún lẹ́yìn tó tún ń bá èkejì dún ni COM. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì sí swíìṣì tó lè tan èèyàn jẹ lórí ìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ojú méjì péré ló wà níbẹ̀, ẹ ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀ yín, one-way ni.

Lẹ́yìn náà kó dá wáyà mọ̀ fúnra wọn. Oníṣẹ́ tó dáa, àwọ̀ kan náà ló máa lò fún strapping méjèèjì, àwọ̀ mìíràn fún feed àti return, tó bá sì jẹ́ pé pupa ni gbogbo ẹ̀, mítà náà á tún yà wọ́n sọ́tọ̀. Kó dá feed padà sójú COM ìsàlẹ̀, kó dá return padà sójú COM òkè, kí strapping jókòó sí L1 àti L2 lójú méjèèjì. Bí L1 ìsàlẹ̀ bá lọ bá L2 òkè kò burú rárá, iná á ṣì ṣe bó ṣe yẹ, COM nìkan ni kò gbọ́dọ̀ ṣìnà.

Àmọ́ ẹ dúró o, ẹ má jẹ́ kó sáré gbé wáyà sí COM kó tó mọ ọ̀nà tí òun gbà so ó níjọ́ yẹn. Ọ̀nà mìíràn wà tó bá ilé bíi tiyín mu gan-an, ilé tí iná ti wà tẹ́lẹ̀ tí feed àti return ti wà nínú àpótí swíìṣì ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, èèyàn ò ní fọ́ sílíìnì, wáyà mẹ́ta péré ló máa fà láti swíìṣì ìsàlẹ̀ lọ sí tòkè, COM bá COM, L1 bá L1, L2 bá L2, feed á wá darapọ̀ mọ́ L1 ìsàlẹ̀, return á darapọ̀ mọ́ L2 ìsàlẹ̀. Ó dára, kò sóhun tó ṣe é. Tí wọ́n bá lo ọ̀nà yìí, ẹ ò ní rí feed lójú COM, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi rò pé kì í ṣe òun ló lò fún yín ni pé tí COM bá ṣìnà nínú ọ̀nà yìí, òdìkejì ohun tẹ́ ẹ sọ lẹ máa rí, iná tó jẹ́ pé kì í fẹ́ kú, tẹ́ ẹ tẹ tìsàlẹ̀ títí kó ṣì máa tàn.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú ju gbogbo èyí lọ. Oníṣẹ́ kan tí kò mọ ibi tí COM wà, tó rí i pé òun ti fà á pẹ́, lè ní òun ti rí ọgbọ́n ẹ̀, kó fa feed àti neutral látinú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí lókè, kó fa feed àti neutral nísàlẹ̀ náà, kó so wọ́n sí L1 àti L2 swíìṣì méjèèjì, kó wá so gílóòbù sáàárín COM méjèèjì. Iná á máa tàn, á máa kú láti òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀yin á máa yìn ín. Àmọ́ nígbà tí iná bá kú, ó ṣeé ṣe kí feed wà lójú méjèèjì họ́dà gílóòbù, ẹni tó bá gun àga láti lọ pààrọ̀ gílóòbù tó gbàgbọ́ pé ó ti kú, ewu ńlá ló ń fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, feed àti neutral ti wà nínú swíìṣì kan ṣoṣo, tí wọ́n bá kanra nínú ẹ̀, iná á bú níbẹ̀. Ẹ má gbà fún un láéláé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó fẹ́ fa neutral wọ inú swíìṣì àtẹ̀gùn yín, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, ti fún níwèé ẹ̀rí.

Èyí tó súnmọ́ ọn ni kí feed wá látinú breaker ìsàlẹ̀ kí neutral sì jẹ́ ti òkè. Mo máa ń bá a pàdé gan-an nínú àwọn ilé tí wọ́n fi inverter sí láìpẹ́, wọ́n á gbé iná òkè sórí inverter, wọ́n á fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún NEPA, àtẹ̀gùn wá wà láàárín, kò mọ ti ẹni tí òun jẹ́. Ẹni tó bá pa breaker kan tó rò pé òun ti pa gbogbo ẹ̀, neutral tó tú lè ta á, inverter fúnra ẹ̀ náà lè máa yọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Iná àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ ní breaker kan, feed àti neutral ẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tibẹ̀ wá. Tó bá jẹ́ èmi, orí inverter ni mo máa gbé e sí, torí gílóòbù LED 10 watt kì í jẹ iná kankan tó ń dun báttìrì, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn ni ibi tí àgbàlagbà ti lè ṣubú nínú òkùnkùn.

Gílóòbù tó ń mọ́lẹ̀ fírífírí ńkọ́. Ó ṣeé ṣe kó má ṣe nǹkan burúkú. Strapping méjèèjì àti return jọ máa ń sùn nínú páìpù kan náà, ọ̀kan nínú strapping sì máa ń ní iná lára nígbà tí gílóòbù kú, torí two-way kì í já iná pátápátá bí mo ṣe sọ. Díẹ̀ tín-ín-tín á máa gba ara rọ́bà wáyà kan bọ́ sí èkejì, gílóòbù àtijọ́ tó ń lo okùn gbígbóná ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ LED tó jẹ́ pé kékeré ló ń fẹ́, ó tó o láti fi máa mọ́lẹ̀ fírífírí. Bí ọ̀nà wáyà bá gùn, ó máa ń pọ̀ sí i. Ẹ dán LED mìíràn wò ná, àwọn kan kì í ṣe é, tí kò bá lọ oníṣẹ́ lè fi kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n dìídì ṣe fún un sí ẹ̀gbẹ́ họ́dà. Ohun tó lè sọ ọ́ di ewu ni tó bá jẹ́ pé neutral ni swíìṣì ń já dípò feed, torí náà nígbà tí oníṣẹ́ bá wà níbẹ̀, kí òun fúnra ẹ̀ pa iná náà látojú swíìṣì, kí gílóòbù wà ní họ́dà, kó fi mítà wọn ojú họ́dà méjèèjì pẹ̀lú earth, ìyẹn wáyà tó lọ sínú ilẹ̀. Tí ọ̀kan bá fi 230 hàn gbáko, wọ́n ti gbé feed àti neutral fún ara wọn, kó yí i padà lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti wáyà, 1.5mm tó fún iná. Ẹ ní kó fi ọ̀bẹ ha ẹnu ẹ̀ díẹ̀ kó tó lò ó, tó bá pupa wọnú, kọ́pà ni, tí inú ẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun kọ́pà sí lára nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ó máa ń gbóná lójú ìsopọ̀ ó sì máa ń tètè kán. Kó má fi wáyà aláwọ̀ ewé, pàápàá eléwé àti yẹ́lò, ṣe strapping, torí earth nìkan ló ni àwọ̀ yẹn, ẹni tó máa ṣí i lọ́jọ́ iwájú á gbà pé kò ní iná. Tí àpótí tó wà nínú ògiri bá jẹ́ irin, earth gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Swíìṣì kẹta lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe two-way lẹ máa rà fún ti àárín, intermediate ni wọ́n ń pè é, ojú mẹ́rin ló ní. Strapping méjèèjì á já níbẹ̀, méjì tó ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á wọ apá kan, méjì tó ń lọ sókè á jáde lápá kejì, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa gbé ọ̀kan fún èkejì, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ó dá wọn padà. Bẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, ẹ sọ fún un nísinsìnyí kó lè gba páìpù strapping kọjá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnì kó sì fi àpótí kan síbẹ̀, torí ògiri ilé Òkè-Àdó àtijọ́ nípọn, ẹ ò ní fẹ́ kí wọ́n tún wá gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti so gbogbo ẹ̀ tán, kí ẹnì kan dúró lókè kí ẹlòmíràn dúró nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí èyíkéyìí bá tẹ̀ ẹ́ ni iná gbọ́dọ̀ yí padà. Ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìkùnà ni kẹ́ ẹ tó sanwó ìyókù fún un.